Ẹ kọ orúkọ oògùn sára ọ̀rá tí ẹ fi ń dì í fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rá kékeré kan. Ọ̀rá náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó mọ́ gaara débi pé èèyàn ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láti òde, kò sì sí kẹ́mísìtì tí ẹ máa wọ̀ ládùúgbò wa níhìn-ín ní Òkè Pópó tí ẹ kò ní bá a lórí káńtà. Oríṣi oògùn mẹ́rin ló wà nínú èyí tí mò ń sọ: kóró funfun ńlá kan tó rí roboto, kóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè, kápúsù dúdú òun pupa, àti òmíràn tí mi ò lè sọ bóyá àwọ̀ ewé ni tàbí àwọ̀ aró. Wọ́n fi báírò kọ "2–2" sí ọ̀rá náà lára. Ìyẹn nìkan ni àkọlé tó wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ oògùn, kò sí orúkọ ẹni tó tà á, kò sí ọjọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ránṣọ ní Mushin, pè mí ní kùtùkùtù pé, "Àǹtí mi, ẹnu mi ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì dá," àyà mi já. Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni mo bá a, ó ṣì mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́, ìfófòó tó tu sílẹ̀ sì ti di pupa. Mo ní kó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, àwọn àmì pupa tín-ín-tìn-tín ti bò ó, bí ẹni pé wọ́n fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Mo gba ife gíláàsì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ooru ló sun ún tàbí ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, pupa yẹn ì bá ṣá lábẹ́ ife. Kò ṣá. Ẹ̀jẹ̀ ló ti jò sábẹ́ awọ.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ka àwọn ègé wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó máa ń dí ojú ọgbẹ́, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní platelet. Nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ara líle ti máa ń ní 150,000 sí 450,000, ti àbúrò mi kò ju 9,000 lọ. Dókítà bi í léèrè oògùn tó ń lò. Ó ní ìtọ̀ ló ń ta òun nígbà tí òun bá fẹ́ tọ̀, òun sì ní kí wọ́n po oògùn fún òun, òun ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ó wá fa ọ̀rá yẹn yọ lápò. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbé e sókè sí iná, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wò bóyá owó bébà jẹ́ ayédèrú, ó sì kọjú sí mi pé, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èwo ni ká mú níbẹ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kó dá gbogbo rẹ̀ dúró, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí kò sí bí a ṣe lè ya ọ̀daràn sọ́tọ̀ láàrin àwọn tí kò lórúkọ.

Mo mú ọ̀rá náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní, "Màmá, ọ̀gá mi ló pò ó, ọ̀gá sì ti lọ ra ọjà n'Ídùmọ̀tà." Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kò dé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí ọ̀gá, tó sọ fún mi pé Septrin ni kóró funfun ńlá yẹn. Nígbà tí a fi máa gbọ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí àbúrò mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tó ti dá oògùn dúró, iye yẹn ti ń gòkè padà, ó sì lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ìpalára tí oògùn lè ṣe kò ju inú rírun àti ara yíyún lọ. Oríṣi èrò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn pupa ló ń gbé atẹ́gùn kiri ara, wọ́n sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí wọ́n tó gbó. Àwọn funfun ni ọlọ́dẹ tó ń bá kòkòrò jà. Àwọn platelet ni bíríkìlà tó ń dí ihò, ẹ̀mí wọn kò sì gùn ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Mùdùnmúdùn inú eegun ni oko tí a ti ń gbin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣàn ara sì ni ọjà tí a ń kó wọn lọ. Oògùn apakòkòrò lè ba èyíkéyìí nínú wọn jẹ́, ó sì lè bà á jẹ́ lọ́nà méjì: kó bà á jẹ́ lọ́jà, tàbí kó dáná sun oko.

Ti ọjà ló ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ tí wọ́n ń pè ní Septrin, sulfamethoxazole àti trimethoprim. Nínú ara àwọn èèyàn díẹ̀, ọmọ ogun ara máa ń ṣi oògùn yìí mú fún ọ̀tá, bí oògùn náà bá sì ti lẹ̀ mọ́ platelet, wọn a pa òun àti platelet pọ̀. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ogun yìí tó gbóná nígbà àkọ́kọ́. Bí oògùn bá ti kúrò lára, ogun dáwọ́ dúró, oko á sì fi irè tuntun ránṣẹ́ sọ́jà láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun yẹn kò lọ sílé. Wọ́n lè wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, bí ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà. Bí onítọ̀hún bá tún fẹnu kan oògùn kan náà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa fi dìde. Wákàtí mélòó kan ti tó.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ikọ́ dà á láàmú, ó sì yà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gbà nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò gbàgbé o. Ó sọ fún ẹni tó ń tajà pé, "Ẹ má fún mi ní Septrin, kò bá mi lára mu." Onítọ̀hún ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, Septrin kọ́ nìyí." Kò purọ́. Orúkọ mìíràn ni iléeṣẹ́ tó ṣe é fi sọ ọ́. Àbúrò mi lo kóró méjì kó tó sùn, kí ilẹ̀ tó mọ́, imú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ìrọ̀rí sì ti rin. Lọ́tẹ̀ yìí sáṣẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì ti gé e sí méjì nítorí kóró mẹ́fà péré ló rà. Lórí ìlàjì tó kù, lẹ́tà díẹ̀ ni mo rí kà lẹ́yìn rẹ̀, wẹ́wẹ́ bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀: "xazole". Ọpẹ́lọpẹ́ lẹ́tà mẹ́fà yẹn. Mo mọ ọmọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé kì í ṣe orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pè ní orúkọ. Oògùn, bí èèyàn, ní orúkọ àbísọ, ó sì ní ìnagijẹ. Co-trimoxazole ni orúkọ àbísọ èyí tí mò ń wí. Septrin jẹ́ ìnagijẹ, Bactrim jẹ́ ìnagijẹ, àwọn mìíràn sì tún wà tí àwọn iléeṣẹ́ ń fi sórí páálí lóríṣiríṣi. Ẹni tí oògùn bá ti ṣe ní jàǹbá, tí a sì fún ní ìnagijẹ nìkan, a ti sọ ìdajì fún un, a sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn láti wá pa á.

Ti oko burú ju èyí lọ. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí chloramphenicol, oògùn tó korò bí nǹkan mìíràn, tí a ń lò fún ibà taifọ́ọ̀dù nígbà náà. Inú kòkòrò ilẹ̀ kan tí wọ́n wú ní Venezuela ni wọ́n ti rí i ní 1947, ó dé orí àtẹ ní 1949, kò sì pẹ́ sígbà náà tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa àwọn tí mùdùnmúdùn eegun wọn kú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó. Kò wọ́pọ̀ rárá: wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 24,000 sí 40,000 àwọn tó lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn, kì í ṣe oògùn tó pọ̀ jù ló fà á fún un, dídá oògùn dúró kì í sì í jí oko padà. Ohun tó mú mi kọ̀wé nípa rẹ̀ lónìí ni pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè gba oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn ti parí oògùn kó tó fara hàn. Nígbà yẹn, ọ̀rá ti dé ààtàn tipẹ́.

Mo rántí ọmọbìnrin kan, olùkọ́ ni, tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá bá mi ní yàrá àyẹ̀wò nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò, mo sún un sọ́tùn-ún, mo sún un sósì, mò ń wá èrò funfun kan ṣoṣo kí n tó lè kà á, ibẹ̀ dá bí ọjà tó ti tú. Nígbà tí wọ́n fa mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ wò, ọ̀rá ló kún ibi tó yẹ kí irè wà, ọ̀rá ti ara o, kì í ṣe ti kẹ́mísìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló jọ fi nǹkan pamọ́ fún wa nínú ọ̀ràn yìí. Ìyá rẹ̀ ní ó lo oògùn taifọ́ọ̀dù ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Oògùn taifọ́ọ̀dù wo? "Èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn ni." A kò mọ̀ ọ́n títí tó fi kú. Ó lè jẹ́ chloramphenicol, ó sì lè má jẹ́ òun, nítorí nǹkan mìíràn náà wà tó ń pa mùdùnmúdùn eegun. Ìyá yẹn ní ọmọ mẹ́ta mìíràn nílé, kò sì sí ohun tí a lè sọ fún un pé kó ṣọ́ra fún.

Èmi kò fẹ́ kí àwọn tí ọmọ wọn ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde fo ibí yìí. Abẹ́rẹ́ kan wà tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ceftriaxone ni orúkọ àbísọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ọmọ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó má ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ti ìgbà kan yóò ṣe é: bí ó ti ń gbà á lọ́wọ́ tàbí láàrin wákàtí díẹ̀, ẹ̀yìn á máa ro ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun bí ẹfun, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bí kóòkì, nítorí èrò pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ sínú ìṣàn ara. A ti rí i ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ tó ti ní àìsàn yìí tẹ́lẹ̀ sì wà nínú àwọn tó kú. Bí ó ṣe jọ ìrora tí wọ́n máa ń ní tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ kí ó léwu, nítorí wọ́n lè rò pé àìsàn ọmọ náà ló tún dé, kí wọ́n sì tún gún un ní abẹ́rẹ́ kan náà lọ́jọ́ kejì. Ìyá tó bá lè sọ pé, "Ceftriaxone ni wọ́n gún un lánàá kí ìtọ̀ rẹ̀ tó dúdú," ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ dókítà lọ.

Ti àwọn tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo èrò pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láàrin àwa Yorùbá ó sì tó nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Nitrofurantoin tí wọ́n ń fúnni nítorí ìtọ̀, àti dapsone, oògùn ẹ̀tẹ̀, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa irú wọn, ojú á wá pọ́n, ìtọ̀ á sì pọ́n. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ nílé wa, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n á sì ti se agbo kalẹ̀ láìdá oògùn tó fà á dúró. Káńfọ̀ tí ẹ ń kó sáàrin aṣọ ọmọ tuntun ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìwé mìíràn ni n ó kọ lórí ìyẹn. Ẹni tí oògùn sì bá èrò funfun rẹ̀ jà, ibà òjijì àti egbò ọ̀nà ọ̀fun ni yóò rí, wọ́n á sì tún fi oògùn apakòkòrò mìíràn lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìwé mi yìí mú kó fi ju oògùn tí dókítà kọ fún un sínú gọ́tà. Mo ti rí àwọn tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ pa nígbà tí oògùn kò tètè dé, wọ́n pọ̀ lọ jàra ju àwọn tí oògùn ṣe ní jàǹbá lọ. Ohun tí mò ń sọ ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ṣọ̀wọ́n yìí gan-an ló nílò orúkọ, nítorí nígbà tí wọ́n ń dán oògùn tuntun wò lára ẹgbẹ̀rún mélòó kan èèyàn, jàǹbá tó ń kan ẹnì kan nínú 30,000 lè má yọjú rárá. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé bá ti ń lò ó ni a máa rí i, bí àwọn tó rí i bá sọ. Nàìjíríà ti wà nínú ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ láti 2004, àwọn NAFDAC sì ní fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn lè kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n àyè wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn fún orúkọ oògùn. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa àbúrò mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn? "Kóró funfun ńlá"?

Mo mọ̀ pé òfin ní kí a má ta ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò láìsí ìwé dókítà. Mo sì mọ Èkó. Títí tí òfin yóò fi ráyè dé òpópónà wa, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: kí ẹni tó bá po oògùn fún mi ya oògùn kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kó kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí i lára àti ọjọ́ tó tà á, kó má sì gé orúkọ dànù nígbà tó bá ń gé sáṣẹ́ẹ̀tì. Mo sọ èyí fún oní-kẹ́mísìtì kan ládùúgbò wa, ó sì fún mi lésì tó ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó ní, "Màmá, bí mo bá kọ orúkọ sí i, níjọ́ mìíràn ẹ ó lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn." Mo lóye rẹ̀. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tó bá fi orúkọ ewé pamọ́, èèyàn lè dá a láre díẹ̀, nítorí òun ló wọ igbó já a. Ẹ̀yin kò já nǹkan kan. Inú páálí lẹ ti mú un, orúkọ rẹ̀ sì wà lára páálí.

Àwọn ilé ìwòsàn náà ní tiwọn níbẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà àkọ́kọ́, ẹnu ni wọ́n fi sọ "Septrin" fún un, èmi tí mo sì lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ yìí kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Nígbà kejì ni mo tó gé páálí kéèkì, tí mo kọ ọ́ sí i, tí mo fi ọ̀rá wé e nítorí òjò àti òógùn: co-trimoxazole àti gbogbo oògùn tó bá ní sulfamethoxazole nínú, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe é. Ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ló wà nínú wọ́léètì.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin fúnra yín fún ló kù, Olóòtú. Bí àyè bá wà lójú ìwé yín lọ́sẹ̀ kan, ẹ bá wa tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀, kó ṣófo, kó ní ìlà mẹ́rin: orúkọ ẹni, orúkọ àbísọ oògùn, ọjọ́, ohun tó ṣe. Àwọn òǹkàwé yóò gé e, wọn yóò fi tọ́jú ara wọn àti àwọn ọmọ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ ìròyìn bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí àwọn ọkùnrin ilé wa kò ní jẹ́ ká fi sísọ́ọ̀sì kàn án.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá àgbà kan láti Òkè Pópó,
Lagos Island.